Ewéko tí Ìyá Àgbà Fi Ọkọ́ Hú ní Torino

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, níbi tí èmi àti ọmọbìnrin mi ti ń dúró de tram ní Padova, òórùn kan gbá mi nímú débi pé mo gbàgbé ibi tí à ń lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ comune, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, ti hú koríko tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ náà kúrò, nítorí pé ọ̀dá ọdọọdún ti sọ ọ́ di pípọ́n bí awọ ewúrẹ́. Àwọn òdòdó tí oòrùn kì í pa ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, irú èyí tí èèyàn ń gbìn lẹ́ẹ̀kan tí yóò sì máa hù padà lọ́dọọdún. Mo bẹ̀rẹ̀, mo já ewé kan tó rí wínníwínní bí ìyẹ́ òròmọdìẹ, mo fi àtàǹpàkò rún un. Ó korò nímú bí ewúro tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, ó sì tún ta bí ìpara tí wọ́n fi ń ra àyà ọmọ tó ní ọ̀fìnkìn. Achillea ni wọ́n ń pe ewéko náà. Ọmọ mi ní, "Mamma, il tram." Tram dé, ó sì lọ. Mo ṣì wà ní ìdúró pẹ̀lú ewé lọ́wọ́, bí ọmọ ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ká mọ́ ibi tó ti ṣẹ̀.

Ó bi mí pé kí ló dé, mo ní kò sí. Àmọ́ nǹkan wà, ẹ̀yin ọmọ, òun ni mo sì fẹ́ sọ fún yín.

Torino là ń gbé nígbà yẹn, kí owó euro tó dé, nínú ọ̀kan lára àwọn ilé àtijọ́ tí wọ́n kọ́ yí àgbàlá ká. Ìta gbangba ni ọ̀nà tó lọ sí ẹnu ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan wà, ó gùn bí afárá, irin ni wọ́n fi ṣe ọgbà rẹ̀. Bí ẹnì kan bá ń din àlùbọ́sà ní àjà kẹta, gbogbo ilé ni yóò mọ̀. Bí tọkọtaya bá ń jà ní àjà kejì, gbogbo ilé ni yóò mọ ẹni tó jẹ̀bi. Bàbá mi fẹ́ràn ilé náà gan-an. Ó ní agboolé ni, àfi pé níbí, àwọn ènìyàn máa ń ṣe bí ẹni pé àwọn kò gbọ́ nǹkan kan. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń yọ́ irin fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ló ti ń ṣiṣẹ́. Màmá mi ń nu ọ́fíìsì, kí ilẹ̀ tó mọ́ ló máa ń jáde.

Signora Ines ló ń gbé yàrá tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Opó ni, ó ti tó ẹni ọgọ́ta ọdún, òun ni portinaia ilé náà: òun ló ń gba lẹ́tà, tó ń gbá àgbàlá, tó mọ ẹni tó wọlé àti ẹni tó jáde. Onílé kò gbé nítòsí, ọ̀rọ̀ tí Signora Ines bá sọ nípa ayálégbé ni ó máa ń gbà. Contratto wa, ìyẹn ìwé àdéhùn ilé, sì fẹ́ tán lọ́dún yẹn. Ní gbogbo àárọ̀ ni bàbá mi máa ń kìlọ̀ fún wa bó bá ń wọ bàtà: "Ẹ kí i dáadáa. Ẹ má jẹ́ kó rí nǹkan kan sọ nípa wa."

Ní ìsàlẹ̀ àgbàlá, lẹ́bàá ògiri tí oòrùn máa ń lù láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ tóóró kan wà tí wọn kò da sìmẹ́ńtì sí. Ilẹ̀ náà kò dára. Àfọ́kù bíríkì àti yanrìn ló kún inú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ewéko wínníwínní kan hù sí, ó tẹ́ sílẹ̀ bí ẹní. N kò bìkítà fún un nígbà yẹn. Lójú tèmi, ibi tí bọ́ọ̀lù máa ń yí lọ ni.

Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, dé láti Ṣakí ní ìgbà ìrúwé, nítorí àbúrò mi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Nínú ẹrù rẹ̀ ni èlùbọ́ wà, àti irú, àti irin ọkọ́ kan tó fi aṣọ wé bí ẹni wé ọmọ tuntun. Ó so hóró ilá àti tẹ̀tẹ̀ mọ́ etí gèlè. Bàbá mi bi í pé kí ló fẹ́ fi ọkọ́ ṣe ní Torino. Ó ní ṣé wọn kì í jẹun ní Torino ni.

Kò gbọ́ èdè Italy kankan, kò sì dùn ún. Ó ní bí Ọlọ́run bá fún ènìyàn ní ọmọ-ọmọ, kí ló tún ń wá èdè fún? Èmi ni mo ń bá a sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì, èmi ni mo bá a dé ọ̀dọ̀ dókítà àwọn ọmọdé. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú rẹ̀ rí fún òbí yín yóò mọ̀ ọ́n. Ó máa ń wú mi lórí. Ọmọ tí wọn kì í bi léèrè ohunkóhun tẹ́lẹ̀, lójijì ni àgbàlagbà méjì dúró níwájú rẹ̀, wọ́n ń wo ẹnu rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í tún ọ̀rọ̀ ṣe. Bí oníbúrẹ́dì bá kanra, mo máa ń dín ìkanra rẹ̀ kù. Bí Ìyá Àgbà bá ní búrẹ́dì náà le bí òkúta, mo máa ń sọ pé ó dùn. Gbogbo ènìyàn ń rẹ́rìn-ín, mo sì rò pé ọgbọ́n ni.

Ilé ìwé wà ní ìsinmi Àjíǹde ní àárọ̀ tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Orí ibùsùn ni mo wà tí mo gbọ́ tí ọkọ́ ń kan òkúta, kẹ̀, kẹ̀, kẹ̀, ohun tí n kò gbọ́ rí ní ìlú yẹn. Mo sáré jáde, mo gbé àyà lé irin, mo wo ìsàlẹ̀. Ìyá Àgbà ti so ìró mọ́dìí le, ó tẹ̀ ba, ó sì ti ro ìdajì ilẹ̀ tóóró náà mọ́ tónítóní. Ewéko náà kò tíì yọ òdòdó lásìkò yẹn. Lójú àgbẹ̀ tó ti fi àádọ́ta ọdún roko, èpò ni, ojú sì ń tì í fún ilé tó fi èpò sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé.

Signora Ines jáde pẹ̀lú ife kọfí. Ó wò ó, ó gbé ife náà sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó sì rìn wá pẹ̀lú sálúbàtà inú ilé. Mo ti sọ̀kalẹ̀ nígbà náà. Ohùn rẹ̀ kò ròkè rárá. Ó ní, "Sọ fún nonna rẹ pé ọkọ mi ló mú gbòǹgbò ìwọ̀nyí wá láti abúlé rẹ̀ lórí òkè, òun ló gbìn wọ́n. Sọ fún un kó dúró."

Ìyá Àgbà nàró, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn, ó rẹ́rìn-ín sí i. "Kí ni wọ́n wí, ọkọ mi?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́. N kò ronú lọ títí. Ohun tí mo rí lọ́kàn ni contratto, àti bàbá mi tó ń wọ bàtà. Mo sì tún ro bí ọmọ ọdún mẹ́wàá ṣe fẹ́ la ẹnu sọ fún ìyá bàbá rẹ̀ pé iṣẹ́ tó ń ṣe láti àárọ̀, ìbàjẹ́ ni. Mo ní, "Wọ́n ní ẹ ṣeun." Mo yíjú sí Signora Ines, mo sọ fún un ní èdè tirẹ̀ pé Ìyá Àgbà ní kó má bínú, kò ní ṣe é mọ́. Signora Ines mi orí, ó mú ife rẹ̀, ó wọlé. Ìyá Àgbà kó ohun tó ti hú, ó lọ dà á sínú àpótí ìdọ̀tí ìgboro, ó sì lọ wẹ̀. Mo rò pé ó ti tán.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo tún gbọ́ ọ. Kẹ̀, kẹ̀, kẹ̀.

Ẹni tí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣé kò ní parí iṣẹ́ rẹ̀ ni? Ìyá Àgbà ti jí ṣáájú màmá mi pàápàá. Nígbà tí mo fi máa dé ìsàlẹ̀, kò ku ewé kan ṣoṣo lórí ilẹ̀ náà. Ó ti kọ ebè mẹ́rin sí i, ó gún régé bíi ti oko Ṣakí, ó sì ń wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tìdùnnú-tìdùnnú. Òkìtì ohun tó hú wà ní ẹ̀gbẹ́ ògiri. Signora Ines ṣí ilẹ̀kùn. Ó rìn dé ìdajì àgbàlá, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, lórí iyẹ̀pẹ̀, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Kò ké, kò sunkún. Ó kàn ń wo àwọn ebè náà. Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè sí mi, ó bi mí pé kí ni mo sọ fún un lánàá.

Mo gbójú sá fún un. N kò rí ara mi bẹ́ẹ̀ rí títí di òní, n kò sì fẹ́ rí i mọ́.

Ìyá Àgbà rọra gbé ọkọ́ sílẹ̀. Níbi tó ti wá, àgbàlagbà obìnrin kì í déédéé jókòó sórí ilẹ̀ lásán. Ó sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó dé ilé ọ̀fọ̀. "Ta ló kú?"

Ìbéèrè yẹn ló borí mi. Mo bú sẹ́kún, mo sì ka gbogbo rẹ̀: pé ọkọ Signora Ines ló mú gbòǹgbò ewéko yìí wá láti abúlé rẹ̀ lórí òkè, pé ọkọ náà ti kú, pé obìnrin yìí ní kí ẹ dúró lánàá, pé èmi ni mo ní ó dúpẹ́.

Ó ní, "Tún un sọ. Bó ṣe sọ ọ́ gan-an ni kó o ṣe sọ ọ́."

Mo tún un sọ, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn. Mo ń retí ìgbájú. Ìyá Àgbà kàn wò mí bí ẹni tí ń wo àlejò, ó sì ní, "Ẹnu rẹ ni mo fi ń sọ̀rọ̀ nílùú yìí."

Kò nà mí. Ìbá sàn kó nà mí. Ó yípadà, ó sì kúnlẹ̀ lórí àfọ́kù bíríkì níwájú Signora Ines. Ẹ̀rù bà mí ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Àwọn ènìyàn ni mo ti rí tí wọ́n ń kúnlẹ̀ fún Ìyá Àgbà. N kò mọ̀ pé orúnkún tirẹ̀ náà ń kanlẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ìjayà mú Signora Ines pẹ̀lú. Ó sáré dìde láti gbé e sókè, Ìyá Àgbà kọ̀, ó tún ń fà á, Ìyá Àgbà tún ń fà á padà, títí àwọn méjèèjì fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lu ara wọn. Lójú fèrèsé, gbogbo ilé ń ṣe bí ẹni pé àwọn kò rí nǹkan kan.

Kí wọ́n tó dìde tán ni ojú Ìyá Àgbà bọ́ sórí òkìtì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ti ọjọ́ kìíní ti bá ọkọ̀ ìdọ̀tí lọ, àmọ́ ti ọjọ́ kejì ṣì wà. Ó mú gbòǹgbò kan, ó fi èékánná ha á lára. Inú rẹ̀ funfun, ó tutù. "Kò tíì kú," ó ní. "Sọ fún un." Mo sọ ọ́. Mo sì tún wo ojú Ìyá Àgbà bóyá mo sọ ọ́ dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè mọ̀.

Gbogbo àárọ̀ yẹn la fi gbìn ín padà. Wọ́n fi ọ̀bẹ ìdáná gé gbòǹgbò náà sí wẹ́wẹ́, wọ́n rí i pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ní èéhù lórí. Èmi jókòó sí àárín, mo ń gbé ọ̀rọ̀ lọ, mo ń gbé ọ̀rọ̀ bọ̀, n kò yọ ọ̀kan kúrò. Signora Ines ní kí wọ́n má gbìn ín sún mọ́ra jù, kí àlàfo wà, nítorí pé yóò fẹ̀. Ìyá Àgbà gbà. Ìyá Àgbà ní kí n bèèrè ibi tí a ti lè rí ìgbẹ́ adìyẹ. Signora Ines ní rárá, ilẹ̀ tó sanra máa ń sọ ọ́ di ọ̀lẹ, yóò ga fíofío, yóò sì ṣubú. Ìyá Àgbà wò mí tìfura-tìfura, ó ní ṣé bó ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Signora Ines ní kí a bomi rin ín fún ọ̀sẹ̀ méjì péré, títí tí yóò fi múlẹ̀, lẹ́yìn náà kí a fi í sílẹ̀ fún oòrùn. Ìyá Àgbà ju ọ̀bẹ sílẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti dáyé, kò gbọ́ nípa nǹkan tó hù láti inú ilẹ̀ tí kò fẹ́ oúnjẹ, tí kò tún fẹ́ omi. Ó ní irú ààwẹ̀ wo nìyí. Láti ọjọ́ náà ló ti sọ ọ́ ní Kòfómi.

Bàbá mi dé ní ìrọ̀lẹ́, ó gbọ́, ó jókòó láìbọ́ bàtà. Ó lọ kan ilẹ̀kùn Signora Ines láti bẹ̀bẹ̀. Obìnrin náà ní ọ̀rọ̀ àgbàlá kì í dé etí onílé, ó sì ní kí ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé ìdajì ilẹ̀ náà jẹ́ tirẹ̀, kó gbin ohun tó wù ú. Mo wà lẹ́yìn bàbá mi. N kò tíì gbà gbọ́ títí di òní pé etí mi ló gbọ́ ọ.

Ìyá Àgbà sì gbìn. Tẹ̀tẹ̀ hù, ilá hù, ó ń bomi rin wọ́n láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n òjò kò rọ̀ ní oṣù kẹfà, kò rọ̀ ní oṣù keje. Comune lẹ ìwé mọ́ ògiri pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi omi ẹ̀rọ rin ọgbà mọ́. Àwọn òdòdó pupa tó wà lórí irin àjà kejì gbẹ pátápátá. Ewé tẹ̀tẹ̀ ká kò bí ìwé tí iná jó. Ìyá Àgbà máa ń da omi tó fi ṣan ìrẹsì sí ìdí ilá, ó ń bẹ̀ ẹ́, síbẹ̀ ilá kú. Kòfómi dúró. Ó tẹ́ sílẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ kò ṣí, bí ẹni pé ẹlòmíràn ni oòrùn ń bá wí.

Lọ́jọ́ kan nínú oṣù kẹjọ, Ìyá Àgbà pè mí, ohùn rẹ̀ kò dára. Mo sáré sọ̀kalẹ̀. Lórí àwọn ebè tirẹ̀, láàárín òkú ẹ̀fọ́, ewé wínníwínní ti ń yọ níhìn-ín lọ́hùn-ún, láti ara gbòǹgbò kéékèèké tí ọkọ́ kò rí. Ohun tó rò pé òun ti pa ló ń wò ó. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Mo ti roko láti kékeré," ó ní, "kò sí ohun tó ṣe èyí fún mi rí." Kò fa ọ̀kan tu níbẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, gbogbo ilẹ̀ náà tan òdòdó funfun wẹ́wẹ́, ó pọ̀ lórí igi kọ̀ọ̀kan bí ìrẹsì lórí àwo pẹrẹsẹ, oyin ń kùn lórí rẹ̀ láti àárọ̀. Bí òdòdó náà bá pọ́n, wọn á gé e, òmíràn á yọ.

Ìyá Àgbà padà sí Ṣakí nígbà tí àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, ibẹ̀ ló sì kú sí. Mo dàgbà, mo lọ sí yunifásítì, mo sì di mediatrice ní ilé ìwòsàn kan ní Padova. Iṣẹ́ mi ni láti jókòó láàárín dókítà àti aláìsàn, kí n gbé ọ̀rọ̀ ọ̀kan dé ọ̀dọ̀ èkejì. Àwọn mìíràn nínú iṣẹ́ wa máa ń fi oyin sí ọ̀rọ̀ tó korò. Èmi kì í ṣe é. Àgbàlá Torino ti yí padà. Wọ́n ti fi ẹ̀rọ agbéniròkè sí i, wọ́n ti da sìmẹ́ńtì sórí ilẹ̀ tóóró náà, kẹ̀kẹ́ ló kún ibẹ̀. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń fi fóònù bá ìyá àgbà wọn túmọ̀ ọ̀rọ̀, fóònù kì í sì í bẹ̀rù contratto.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ọmọ ẹ̀gbọ́n Signora Ines pè mí. Ó ní àǹtí òun wà ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní ẹ̀bá Torino, kò sì mọ ẹnikẹ́ni mọ́. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ. Ó ti kéré gan-an lórí àga rẹ̀, irun rẹ̀ funfun bí òwú. Mo dárúkọ ara mi, mo dárúkọ bàbá mi, mo dárúkọ àdúgbò wa. Ó wò mí bí ẹni tí ń wo fèrèsé.

Obìnrin kan wọlé wá nu ilẹ̀, ọmọ Peru ni, Marisol ni wọ́n kọ sára aṣọ rẹ̀. Signora Ines yí orí sí i, ó tẹ̀ ba díẹ̀ lórí àga, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o."

Ó tún un sọ, ó fa òpin rẹ̀ gùn bí wọ́n ṣe ń fà á ní Òkè-Ògùn. Marisol rẹ́rìn-ín sí i bí ẹni tí ń rẹ́rìn-ín sí ọmọdé, ó sì sọ fún mi pé bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ó ní dókítà ti ṣàlàyé pé àìsàn ọpọlọ ló ń fọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, tó ń sọ ohun tí kò ní ìtumọ̀ fún gbogbo òṣìṣẹ́ lójoojúmọ́.

Mo ní kì í ṣe àìsàn. Mo ní èdè ìlú mi ni, ó ń kí i fún iṣẹ́ tó ń ṣe.

Marisol gbé ọwọ́ méjèèjì lé igi ìnulẹ̀. Ó ní ó ti pé ọdún mẹ́rin tóun ti ń nu ilẹ̀ níbẹ̀, kò sí ẹni tó kí òun fún un rí. Ó sì bi mí pé kí ni wọ́n máa ń fi dáhùn. Mo kọ́ ọ. Ó yíjú sí arúgbó náà, ó ní, "Oo, ẹ ṣeun." Signora Ines mi orí, ó fẹ̀yìn ti àga, ojú rẹ̀ rọ̀ wọ̀ọ̀, bí ẹni tí ìkíni rẹ̀ ti wà láìrí ẹni jẹ́ ẹ láti ọjọ́ pípẹ́.

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé mi padà, mo rántí pé mo máa ń lọ sí ilé ìwé lójoojúmọ́, tí àwọn obìnrin méjèèjì á sì wà ní àgbàlá láìsí ẹnu mi láàárín wọn. Láti kékeré ni mo ti gbà pé àwa nìkan là ń kọ́ èdè àwọn ará ibí, àwa nìkan là ń yí padà. Títí ọjọ́ yẹn, n kò bi ara mi léèrè rí pé kí ni àwọn náà gbà lọ́wọ́ wa, tí wọ́n fi pamọ́ síbi tí àìsàn pàápàá kò lè dé.